Èwo Ni Kí N Gbọ́ Nínú Yín?

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2025, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ìròyìn méjì ránṣẹ́ sí Bàbá lórí WhatsApp, wákàtí kan kò sí láàárín wọn. Tèmi ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ní oògùn tí Bàbá ti ń lò láràárọ̀ láti bí ọdún mọ́kànlá, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní beta-blocker, kò ṣe àǹfààní mọ́ fún ọ̀pọ̀ ẹni tí ìkọlù ọkàn ti ṣe rí. Ti ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní oògùn yìí kan náà ń dènà ìkọlù ọkàn mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣeré. Ibi kan náà ni ìròyìn méjèèjì ti jáde: ìpàdé ọdọọdún àwọn oníṣègùn ọkàn ilẹ̀ Yúróòpù, ní Madrid, lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Bàbá pè mí. Mi ò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi béèrè pé, "Èwo ni kí n gbọ́ nínú yín?"

Mo ní kí wọ́n ṣì máa lo oògùn wọn lọ, kí n kàwé ná.

"Ọwọ́ mi ń tutù," ni wọ́n wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ oògùn yẹn ni ọwọ́ mi ti ń tutù. Bí kò bá wúlò, ẹ jẹ́ kí n mọ̀."

Mi ò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi, mo sì ti rí i láìmọye ìgbà pé ìwé owó kan náà lè mú èrè jáde lọ́wọ́ ẹnì kan, kó mú gbèsè jáde lọ́wọ́ ẹlòmíràn, láìsí pé ẹnikẹ́ni parọ́. Ibi tí kálukú ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà ló yàtọ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo ṣí ìwé ìwádìí méjèèjì, mo fo àbájáde ná, mo lọ wá ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n ń kà.

Èyí tí mo fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní REBOOT. Ilé ìwádìí ọkàn CNIC ní Madrid ló ṣáájú rẹ̀, ilẹ̀ Spain àti Ítálì ni wọ́n sì ti ṣe é. Wọ́n kó àwọn tí ìkọlù ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe jọ, àwọn tí ọkàn wọn ṣì lágbára láti ti ohun tó ju 40% ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù. Wọ́n ṣẹ́ gègé: apá kan gba oògùn, apá kejì kò gbà. Èèyàn 8,438 ló wà nínú ìṣirò ìkẹyìn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó lé oṣù mélòó kan, 316 nínú àwọn tó lo oògùn ló ti kú, tàbí tí ìkọlù ọkàn tún ṣe, tàbí tí wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn nítorí pé ọkàn wọn ń rẹ̀. Nínú àwọn tí kò lò ó, 307. Ọ̀rọ̀ ti parí, àbí?

BETAMI–DANBLOCK ni ti ẹ̀gbọ́n mi. Orúkọ náà gùn báyẹn nítorí pé ìwádìí méjì ni, ọ̀kan ní Norway, ọ̀kan ní Denmark, tí wọ́n wá dà pọ̀. Èèyàn 5,574. Nǹkan búburú ṣẹlẹ̀ sí 14.2% nínú àwọn tó lo oògùn, àti sí 16.3% nínú àwọn tí kò lò ó. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, bí ẹni méjì ni oògùn yọ nínú ewu láàárín bí ọdún mẹ́ta ààbọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni "nǹkan búburú"? Ohun mẹ́ta ni REBOOT ń kà. Àwọn ará Norway àti Denmark ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì tún fi àrùn rọpárọsẹ̀ kún un, àti iṣan ọkàn tí wọ́n ní láti là láì tíì pinnu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti ìlùkìlù ọkàn tó lè pani. Wọ́n di gbogbo rẹ̀ ní ẹrù kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹrù gbọ́dọ̀ tú u. Mo tú u. Ní ti ikú, 4.2% sí 4.4%, kò sí ìyàtọ̀ tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ìkọlù ọkàn tuntun ni gbogbo agbára wọn wà: 5.0% sí 6.7%. REBOOT náà ka ìkọlù ọkàn tuntun, kò sì rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tí kálukú kà kò tó láti ṣàlàyé ìjà náà.

Ibi tí ojú mi ti là ni ibi tí àwọn ìròyìn kì í dé, ìyẹn àlàfo iyèméjì tí ìwádìí kọ̀ọ̀kan fi yí iye rẹ̀ ká. Bí a bá fetí sí REBOOT dáadáa, ohun tó wí ni pé ó ṣeé ṣe kí oògùn náà dín ewu kù ní nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ṣeé ṣe kó fi ìdá 22 kún un, ibikíbi láàárín méjèèjì. BETAMI–DANBLOCK ní ó ń dín in kù, ó kéré tán ìdá 2, ó pọ̀ jù ìdá 25. Bí òtítọ́ bá wà ní ìdá 5 tàbí 8, méjèèjì ló gbà á láyè. Àwọn tí ìwé ìròyìn fi ṣe ọ̀tá ara wọn ń jókòó lórí àga kan náà, wọ́n kàn kọ ẹ̀yìn síra wọn ni. Mo fi èyí han ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Kí ló dé tí wọn ò kọ ìyẹn sí àkọlé?" Mo ní ta ni yóò ka àkọlé tó sọ pé ó ṣeé ṣe kó wúlò díẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó má wúlò.

Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn oníwádìí náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ní ìpàdé yẹn gan-an ni wọ́n ti kó àkọsílẹ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan láti inú àwọn ìwádìí wọn pa pọ̀, tí wọ́n fi ìwádìí kan láti Japan kún un, tí wọ́n sì yọ àwọn tí ọkàn wọn ń ti 40% sí 49% jáde sọ́tọ̀. Èèyàn 1,885 péré ni wọ́n, ṣùgbọ́n ohùn wọn ṣọ̀kan: 10.7% nínú àwọn tó lo oògùn ni nǹkan ṣe, 14.4% nínú àwọn tí kò lò ó. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ọkàn wọn ń ti 50% jáde sókè, èèyàn 17,801, ìwádìí REDUCE-AMI ti ilẹ̀ Sweden náà wà níbẹ̀. Àwọn yẹn, oògùn kò ṣe wọ́n ní àǹfààní kankan tí a lè rí.

Ìyẹn ni pé iye kan wà nípa ọkàn Bàbá tó yẹ kí n mọ̀ kí n tó fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, èmi kò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀ ọ́n. Bàbá fúnra wọn kò gbọ́ ọ rí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀rí tirẹ̀ tó ju ìwé lọ lójú rẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́, àwọn aláìsàn tó ń lo oògùn wọn dédé ni wọ́n ń pẹ́, àwọn tó ń fò ó ni wọ́n ń kú. Mo gbà á gbọ́. Ohun tó rí, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà láti ọdún 1980 tí mo fi dá a lóhùn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ìdánwò oògùn kan tó ń dín ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ kù fún àwọn tí ìkọlù ọkàn ti ṣe rí, wọ́n sì fún apá kan ní hóró òfìfo, hóró tó jọ oògùn gidi, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nínú àwọn tó gbé hóró òfìfo yìí mì dédé, nǹkan bí 15% ló kú. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní hóró òfìfo kan náà tí wọn kò lò ó dédé, 28%. Afẹ́fẹ́ lásán ni wọ́n ń fò, síbẹ̀ fífò ó pa wọ́n bí ẹni fo oògùn gidi. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe lórí beta-blocker, wọ́n padà rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀: àwọn tí kò lo hóró wọn dédé ló ń kú jù, ìbáà jẹ́ propranolol, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn beta-blocker, ìbáà jẹ́ òfìfo.

Ẹni tó lè rántí oògùn láràárọ̀ fún ọdún márùn-ún ti yàtọ̀ sí ẹni tí kò lè rántí kí oògùn tó dé ẹnu rẹ̀. Bóyá ó ní ẹni tó ń rán an létí. Bóyá kò mu sìgá. Bóyá ara rẹ̀ kò le tó ti èkejì láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń ṣẹ́ gègé: kí ìwà, orí, ìdílé àti owó pín sí apá méjèèjì láìsí ẹni tó yàn án.

Gègé náà sì ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ní ọdún 2013, ìwádìí PREDIMED láti ilẹ̀ Spain gbilẹ̀ ká ayé: èèyàn 7,447, òróró ólífì àti èso oníhóró, ewu àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ dín ní nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n fà á padà. Dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń kun àwọn aláìsàn lóorun, John Carlisle, ló fi ìṣirò wo àtẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwádìí, ti àwọn yìí sì wà lára èyí tí kò gún régé. Nígbà tí wọ́n wo ẹ̀yìn wò, wọ́n rí i pé ní ibì kan, odindi ilé ìtọ́jú ni wọ́n fún ní oúnjẹ kan náà, àti pé nínú àwọn ìdílé kan, ẹni kejì tó wọlé kàn gba ohun tí ẹni àkọ́kọ́ gbà ni. Wọ́n tún un ṣírò, iye náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí, wọ́n tún un tẹ̀ jáde ní 2018 pẹ̀lú ohùn tó rẹlẹ̀ díẹ̀. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú tèmi, ẹni tó fà ìwé rẹ̀ padà tó sì tún un kà lójú gbogbo ènìyàn ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣirò owó tí mo mọ̀ kò ní ṣe láéláé.

Ẹ jẹ́ n padà sí oògùn Bàbá. Ìdí tí ayé fi gbà á gbọ́ kì í ṣe kékeré. James Black, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó ṣe propranolol, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1988. Ní 1982, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní BHAT, èèyàn 3,837, fi hàn pé 7.2% ló kú nínú àwọn tó lò ó, 9.8% nínú àwọn tó lo hóró òfìfo. Ìṣirò tó mọ́ nìyẹn, tí wọ́n bo aláìsàn àti dókítà lójú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà ò lọ bí òréré. Lọ́dún yẹn, ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ bá dí, dídí ló máa ń wà. Kò sí pé wọ́n ń sáré gbé e lọ fi páìpù kékeré oníwáyà tí wọ́n ń pè ní stent là á láàárín wákàtí méjì, statin, oògùn tó ń dín ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ kù, kò tíì dé orí àtẹ, ọgbẹ́ tó máa ń kù lára ọkàn sì ń tóbi. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ni oògùn náà gbà sílẹ̀. Bàbá ní stent, wọ́n ń lo statin, wọ́n ń lo aspirin. Bí a bá fi ẹ̀rí 1982 tọ́jú wọn, ọkàn ẹlòmíràn là ń tọ́jú.

Ẹ̀gbọ́n mi ní a ò nílò gbogbo èyí. Ó ní oògùn yẹn ń mú ọkàn rọra lù, ọkàn tó bá rọra lù ń sinmi, ọkàn tó bá sinmi ń pẹ́, ṣé ọgbọ́n orí kò tó ni? Nínú iṣẹ́ yìí, ọgbọ́n orí ti pa èèyàn rí. Àwọn dókítà rí i pé lẹ́yìn ìkọlù ọkàn, àwọn tí ọkàn wọn máa ń ta jó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ìlù kan àti èkejì ni wọ́n sábà máa ń kú lójijì. Oògùn wà tó ń mú ìta-jó náà dúró, encainide àti flecainide. Wọ́n ti ń fún àwọn aláìsàn kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà òkú. Nígbà tí ìwádìí CAST kà wọ́n, èèyàn 1,498, nǹkan bí oṣù mẹ́wàá péré, òkú 26 ló wà lápá hóró òfìfo. Lápá oògùn, 63. Ọkàn náà kò ta jó mọ́ lóòótọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí kò bá sí ìwádìí yẹn ní 1989, a kì bá tí mọ̀, torí pé òkú ẹni tí ìkọlù ọkàn ti ṣe rí kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ níbẹ̀. Ó wá sọ pé, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, wo tìrẹ wò. Ta ni wọ́n bò lójú nínú REBOOT?"

Ó mú mi. Kò sí ẹnikẹ́ni. Nínú REBOOT, nínú BETAMI–DANBLOCK, nínú REDUCE-AMI, kò sí hóró òfìfo. Gbogbo aláìsàn ló mọ̀ bóyá òun ń lo oògùn. Ikú kò bìkítà ohun tí èèyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí àyà rẹ̀ ṣàdédé já lóru, tó sì mọ̀ pé wọ́n ti gba oògùn lọ́wọ́ òun, yóò ha sùn padà bí?

Ibí yìí ni ìwádìí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ti wọlé. Ní 2017, Rasha Al-Lamee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Imperial College London gbé ORBITA jáde. Ogójì ọdún ti kọjá láti ìgbà tí Andreas Grüntzig ti kọ́kọ́ fi bàlúùnù kékeré la iṣan ọkàn èèyàn ní Zurich, àìmọye èèyàn ni wọ́n ti là fún nítorí àyà dídùn, kò sì tíì sí ẹni tó fi iṣẹ́ àfarawé dán an wò. Wọ́n kó 200 èèyàn tí iṣan ọkàn wọn kan ti há gádígádí. Wọ́n gbé gbogbo wọn dé orí tábìlì, wọ́n kùn wọ́n lóorun díẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ orin dí wọn létí kí wọ́n má baà gbọ́ ohun tí àwọn dókítà ń sọ. Àwọn kan gba stent. Àwọn kan sùn sórí tábìlì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, wọ́n sì gbé wọn padà láìṣe nǹkan kan. Àwọn tó ń tọ́jú wọn lẹ́yìn náà kò mọ èwo ni èwo.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ní kí gbogbo wọn rìn lórí ẹ̀rọ títí ara yóò fi kọ̀ ọ́. Àwọn tó gba stent fi ìṣẹ́jú àáyá 28 kún ìrìn wọn. Àwọn tí wọ́n kàn sùn lórí tábìlì fi nǹkan bí 12 kún un. Ìyàtọ̀ náà, 16.6, kéré débi pé orí ire lásán lè fà á.

Ariwo tó tẹ̀lé e kò kéré. Wọ́n ní 200 èèyàn kò tó. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò pẹ́. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti àwọn tó wí pé wọ́n ti fún aláìsàn ní oògùn àyà dídùn tó pọ̀ ṣáájú, tí wọ́n ń pè wọ́n lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, débi pé kò ṣẹ́ kù ohun tí stent yóò mú sàn. Àwọn oníwádìí náà kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ ṣe òmíràn. Nínú ORBITA-2, ní 2023, èèyàn 301, wọ́n dá oògùn àyà dídùn dúró fún gbogbo wọn ná, wọ́n wá ṣe tábìlì gidi àti tábìlì àfarawé, wọ́n sì ní kí aláìsàn máa fi fóònù sọ lójoojúmọ́ bí àyà ṣe ń dùn ún sí. Ọ̀sẹ̀ méjìlá. Lọ́tẹ̀ yìí stent borí, àyà dídùn dín kù dáadáa ju ti àfarawé lọ. Àwọn kan ní ORBITA-2 ti já ORBITA ní irọ́. Èmi ò rí irọ́ kankan níbẹ̀. Ọ̀kan béèrè bóyá stent ń fi nǹkan kún oògùn tó ti pé. Èkejì béèrè bóyá stent ń ṣiṣẹ́ níbi tí oògùn kò sí. Ìbéèrè méjì ni, ìdáhùn méjì ni.

Yorùbá kò fi orúkọ méjì pe ọkàn. Èyí tó ń ti ẹ̀jẹ̀ àti èyí tó ń bẹ̀rù, ọ̀rọ̀ kan ló gbé méjèèjì. Bí àyà mi bá já, ẹ ò ní mọ èwo nínú méjèèjì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé àìtó ọ̀rọ̀ ni, pé èdè wa ni kò tíì ráyè ya nǹkan sọ́tọ̀. Lẹ́yìn tí mo ka ìtàn àwọn tó sùn lásán lórí tábìlì tí wọ́n sì dìde rìn jìnnà sí i, mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Pẹ̀lú ojú yẹn ni mo fi ka ìwádìí kẹta, èyí tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ kà. Torí pé REBOOT àti BETAMI–DANBLOCK ń dá ẹni tí ìkọlù ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lóhùn: ṣé kí n bẹ̀rẹ̀? Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Ìbéèrè tiwọn ni: ṣé kí n dá a dúró? Ìbéèrè ọ̀tọ̀ gbáà ni, ABYSS ló sì béèrè rẹ̀, ní ilẹ̀ Faransé, lọ́dọ̀ èèyàn 3,698 tí ara wọn ti balẹ̀ lẹ́yìn ìkọlù ọkàn. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2024. Wọ́n ní kí àwọn kan dá oògùn dúró, kí àwọn kan máa lò ó lọ. Wọ́n fẹ́ fi hàn pé dídá a dúró kò burú ju lílò ó lọ. Wọn ò lè fi í hàn: 23.8% sí 21.1%. Mo tún tú ẹrù náà. Ikú, 4.1% sí 4.0%. Ìkọlù ọkàn tuntun, 2.5% sí 2.4%. Àwọn tó lọ sùn sí ilé ìwòsàn nítorí ọkàn ló fa gbogbo ìyàtọ̀ náà, àti pé gbogbo wọn ló mọ̀ pé àwọn ti dá oògùn dúró.

Ẹ̀rù ni àbí àìsàn? Ẹ̀jẹ̀ wọn ru díẹ̀ sí i, ọkàn wọn sì yára lù sí i lóòótọ́, nítorí náà mi ò lè pe gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀rù. Mi ò sì lè pe gbogbo rẹ̀ ní àìsàn. Hóró òfìfo ni ì bá yanjú rẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú ABYSS tí mi ò fẹ́ sọ fún Bàbá. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ aláìsàn bóyá ayé rọrùn fún wọn sí i lẹ́yìn tí wọ́n dá oògùn dúró. Ayé kò rọrùn sí i. Wọn ò yàtọ̀ sí àwọn tó ṣì ń lò ó.

"Wọn ò bi mí," ni Bàbá wí nígbà tí mo wá sọ ọ́ nígbẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ rí dókítà. Wọ́n ya àwòrán ọkàn Bàbá, iye tí a ń wá jáde: 46%. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, òun náà wò mí. Nínú àlàfo 40 sí 49 yẹn gan-an ni, níbi tí ẹ̀rí èèyàn 1,885 ti fara mọ́ tirẹ̀. Ó ní ìwà tó, kò rẹ́rìn-ín. Dókítà náà ní kí wọ́n má dá a dúró, pàápàá kí wọ́n má dá a dúró lójijì, torí ọkàn tó ti mọ́ ọn lára lè gbaná jẹ. Ó ní kí a dín in kù sí ìdajì, kí a máa wo ọwọ́ tútù náà. Bàbá ra ìwé kékeré kan lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní àwọn yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀ láràárọ̀ bóyá ọwọ́ tutù.

Lójú ọ̀nà ilé, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nípa SAMSON. Ìwádìí kékeré ni, èèyàn 60 tí wọ́n ti pa statin tì nítorí pé ara ń dùn wọ́n. Ọdún kan gbáko, oṣù mẹ́rin statin, oṣù mẹ́rin hóró òfìfo, oṣù mẹ́rin láìsí nǹkan kan, láìtẹ̀lé ètò kan tí wọ́n lè mọ̀, wọ́n sì ń fún ìrora wọn ní máàkì lójoojúmọ́. Oṣù tí wọn ò gbé hóró kankan mì, 8.0. Oṣù statin, 16.3. Oṣù hóró òfìfo, 15.4. Ìrora náà kì í ṣe irọ́, hóró ló ń fà á, àmọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ohun tó wà nínú hóró. Ìdajì wọn padà sí oògùn nígbà tí wọ́n rí ìwé ara wọn.

"Ọwọ́ tútù yàtọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Beta-blocker máa ń fà á lóòótọ́. Ó wà nínú ìwé."

Ó wà nínú ìwé lóòótọ́.

Àná ni mo lọ kí wọn. Bàbá ti kọ ọjọ́ mẹ́sàn-án sínú ìwé wọn. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́: ó tutù. Ọjọ́ kẹta: ó sàn díẹ̀. Láti ọjọ́ kẹrin: ó gbóná, ó gbóná, ó gbóná. Wọ́n na ọwọ́ sí mi kí n dì í mú. Mo dì í mú, ó gbóná ní tòótọ́. Mo bá Màmá nínú ilé, torí àwọn ni wọ́n máa ń to hóró sínú àwo kékeré fún Bàbá láràárọ̀, mo bi wọ́n bóyá wọ́n rí hóró tuntun rà láìsí wàhálà. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n fa pákẹ́ẹ̀tì kan jáde tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn.

"Mo ní kí ti àtijọ́ tán ná," ni wọ́n wí. "Ó ku ọjọ́ mẹ́fà."

Mi ò tíì sọ fún Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má tíì sọ.